Ìlà Méjì Lórí Àtẹ̀gùn Ṣọ́ọ̀kì

"Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kúrò níbi tó wà!"

Ohùn ọmọbìnrin náà le débi pé ọkùnrin tí ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé dá kọ́kọ́rọ́ dúró nínú àgádágodo. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé ọmọ iléèwé ni ó ń pàṣẹ, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi náà ńkọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá? Ṣé kí n nawọ́ sókè ni?"

Ọmọbìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ ni ó ń wò. Àtẹ̀gùn tí ó fi odindi ọ̀sán àná yà sórí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, àtẹ̀gùn aláwọ̀ wúrà tí ó la àárín ojú ọ̀run búlúù gòkè lọ bá oòrùn, ti bàjẹ́. Ìlà méjì gba orí rẹ̀ kọjá láti etí títì títí dé ẹ̀bá ògiri. Wọ́n lọ ní tààrà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀ sí apá ọ̀tún. Wúrà ti dà pọ̀ mọ́ búlúù nínú wọn, ó sì di àwọ̀ ẹrẹ̀.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì. Bí gègé ẹnì kan bá sọnù, kí olùkọ́ tó gbọ́, òun ti to gbogbo ènìyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti rí gègé púpọ̀ báyìí. Ó ti fẹ̀sùn kan àwọn aláìmọwọ́mẹsẹ̀ púpọ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í ròyìn ìyẹn.

Ọjọ́ àwòrán ṣọ́ọ̀kì ni ọjọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ láti àná. Gbọ̀ngàn àdúgbò ní yàrá ìyàwòrán kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lo àga onítáyà kò lè dé ibẹ̀ àyàfi bí wọ́n bá gbé e bí àpò símẹ́ǹtì. Adití tí ó bá dé ibẹ̀ kò ní rí ẹni tí yóò fọwọ́ bá a sọ̀rọ̀. Afọ́jú kò sì ní rí nǹkan kan tí ó ṣeé fọwọ́ kà. Olùkọ́ ìyàwòrán, obìnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo, ni ó dábàá pé kí wọ́n pín ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù sí àyè onígun mẹ́rin. Onílé ìtajà kọ̀ọ̀kan yóò san owó àyè kan, àwọn ọ̀dọ́ yóò fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán sí i, àwọn tí ó bá ń kọjá yóò wò ó, wọn yóò sì ju ohun tí ọkàn wọn bá gbà sínú agolo. Owó náà ni wọn yóò fi ṣí kíláàsì tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ náà. Àwòrán tí àwọn adájọ́ bá sọ pé ó ta yọ ni ayàwòrán pátákó kan ní àdúgbò yóò fi ọ̀dà kùn sára ògiri gbọ̀ngàn, ẹni tí ó yà á yóò sì máa bá a ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìsinmi. Ìsinmi yẹn ni Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tẹjú méjèèjì mọ́. Ìyá rẹ̀, aránṣọ, kò fi bò fún un.

"Bí o bá gba ipò kìn-ín-ní, mo gbà, lọ kun ògiri," ni ìyá náà wí, tí abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. "Bí o ò bá gbà á, ẹ̀rọ kejì ń retí ẹ. Bọ́tìnnì ò ní í rán ara ẹ̀."

Nísinsìnyí, ìlà méjì ti gba orí ìsinmi náà kọjá.

Apá ọ̀tún tí àwọn ìlà náà tẹ̀ sí ni àyè Adákẹ́ wà. Ọmọbìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé wọn ní sáà yìí ni. Ọ̀rọ̀ tí ó ti sọ láti ìgbà náà kò ju èyí tí ènìyàn lè sọ nígbà tí ó bá ń ra búrẹ́dì lọ. Orí àpótí pákó kan tí ó ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì ni ó máa ń jókòó sí ṣiṣẹ́, a sì máa wọ́ ọ nílẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti ń sún. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wo ìlà méjì. Ó wo ẹsẹ̀ àpótí méjì. Ó wo ìṣẹ́tí yẹ́rì Adákẹ́, ó sì rí eruku búlúù níbẹ̀. Ó kọjú sí Adákẹ́.

"Ìgbà wo lo dé?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Báwo ló ṣe pẹ́ tó?"

Adákẹ́ gbé èjìká sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Kí ni búlúù ń wá lára yẹ́rì ẹ?"

"Mo kúnlẹ̀."

"Níbo?"

Adákẹ́ nàka sí ilẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn náà gan-an.

"Ó jẹ́wọ́!" Rédíò ni ó pariwo bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, ohun tí ó bá sì gbọ́ láàárọ̀, àdúgbò ti gbọ́ ọ kí oòrùn tó mú. "Ẹ gbọ́ o, ó ti jẹ́wọ́! Ó ní òun kúnlẹ̀ síbẹ̀!"

"Ta ló jẹ́wọ́ kí ni?" Olùkọ́ ìyàwòrán ti dé ẹ̀yìn wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìlà náà, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yà! Iṣẹ́ tó dára tó báyìí."

"Adákẹ́ ni, mà. Ó wọ́ àpótí ẹ̀ gba orí ẹ̀ kọjá," ni Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dáhùn.

"O rí i?"

"Mo mọ̀, mà."

"Mi ò bi ọ́ pé ṣé o mọ̀. Mo ní ṣé o rí i."

"Kò ṣojú mi, mà, àmọ́ ..."

"Àmọ́ kí ni? Fi aṣọ gbígbẹ gbá èyí tó dà pọ̀ kúrò, kí o tún un yà. Àwọn adájọ́ ò ní í dé títí di ọjọ́rọ̀. Ẹ̀yin tó kù, mo rò pé ṣọ́ọ̀kì ló wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe ẹjọ́."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kúnlẹ̀, ó ń gbá eruku, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó dìde, ó lọ bá ọkùnrin aṣẹ̀dà-ìwé. Ọkùnrin náà ní òun kò rí nǹkan kan. Ojú òun kò tíì là dáadáa nígbà tí wọ́n pàṣẹ fún òun. Ó kọjá sọ́dọ̀ Bàbá Aṣọ́nà tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ta lẹ kọ́kọ́ rí lójú ọ̀nà láàárọ̀ yìí?"

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà fún ìgbà díẹ̀, mo lọ ṣí géètì. Ìgbà tí mo padà dé, ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn ni mo rí. Ó kúnlẹ̀ síbì kan, ó ń fi aṣọ nu ilẹ̀."

"Ó ń nu ilẹ̀?"

"Bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ ni."

"Ó ń nu ipasẹ̀ ẹ̀ rẹ́ ni, Bàbá. Ẹ ṣeun."

"Èmi ò sọ pé ..."

Ṣùgbọ́n ó ti yíjú padà. Bí ó ti ń lọ ni ẹnì kan pè é láti ìpẹ̀kun ojú ọ̀nà.

"Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́! Yà síbí jàre, mo ní ọ̀rọ̀ kan bá ọ sọ."

Dírẹ́bà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi díẹ̀ dàgbà jù wọ́n lọ ni, àga onítáyà rẹ̀ ni ó sì fi gba orúkọ náà, nítorí pé a máa fi ẹnu fun fèrè bí ó bá fẹ́ kí ènìyàn yà fún un. Ó ti so ṣọ́ọ̀kì mọ́ orí ọ̀pá gígùn kan, ó fi ń ya agbo ewúrẹ́ sílẹ̀ láti orí ìjókòó rẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ́rìn-ín sí i bí ènìyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ ọwọ́.

"Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́, iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ mi."

"Kí ni mo tún fẹ́ ṣe ju kí n jókòó lọ?" ni Dírẹ́bà fi ohùn rara bi í. "Gbọ́ mi ná!"

"Tó bá yá!"

Kò yá. Nígbà tí Adákẹ́ lọ bu omi mu, Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mú okùn tí ó fi ń fa ìlà, ó wọn àárín ìlà méjì náà, ó sì wọn àárín ẹsẹ̀ àpótí. Wọn kò bára mu. Ìlà ilẹ̀ jìnnà síra ju ẹsẹ̀ àpótí lọ dáadáa.

"Kò bára mu," ni Rédíò wí.

"Ó fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ ọ ni."

"Tí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ ọ, ṣé ìlà náà kò ní í tún sún mọ́ra sí i ni?"

"Ìwọ, ẹ̀gbẹ́ ta lo wà gan-an?"

Rédíò, tí ẹnu rẹ̀ kì í pẹ́ ní títì, nàka sí àwòrán Adákẹ́. "Wo ọwọ́ tó ń yà náà. Ọwọ́, ọwọ́, ọwọ́. Márùn-ún ló tò sílẹ̀, kò sí ara, kò sí orí. Wo bó ṣe ká ìka yẹn kò. Mo rò pé èébú ni."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tẹjú mọ́ ọn. Ọwọ́ márùn-ún ni lóòótọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó ẹni tí ó jókòó, ọ̀kan là, ọ̀kan di ẹ̀ṣẹ́, òmíràn na ìka méjì. Ó dára púpọ̀. Ìyẹn gan-an ni ó dùn ún jù. Òjìji abẹ́ èékánná pàápàá hàn níbẹ̀. Bí àtẹ̀gùn bá bàjẹ́, kò sí ohun tí yóò dí àwọn ọwọ́ yìí lọ́nà àtidé ara ògiri gbọ̀ngàn.

"O rí i báyìí?" ni ó wí. "O mọ ìdí tó fi ṣe é?"

Títí di ọ̀sán ni ó fi ń tún àtẹ̀gùn rẹ̀ yà, kò sì gún. Ṣọ́ọ̀kì tí ó ti wọ inú símẹ́ǹtì kò ṣeé kó kúrò tán. Bí ó bá ti fi wúrà lé e, ẹrẹ̀ a yọjú. Nígbà tí olùkọ́ pàtẹ́wọ́ pé kí gbogbo wọn wá sábẹ́ ibòòji wá sinmi díẹ̀, òun àti Rédíò nìkan ni kò dìde. Garawa omi tí wọ́n fi ń fọ ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Rédíò rí ojú tí ó fi ń wo garawa. "Ṣe é," ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ojú gbogbo wọn wà lọ́hùn-ún. O kàn lè sọ pé ó dà nù ni."

"Mi ò ní í sọ pé ó dà nù."

Bóyá bí Rédíò kò bá sọ̀rọ̀, ì bá má ṣe é. Bóyá ì bá ṣe é náà. Ó gbé garawa, ó sì da omi inú rẹ̀ sórí ọwọ́ márùn-ún. Omi náà gbé àwọ̀ ara àti òjìji èékánná, ó kó wọn jọ, ó gbé wọn ṣàn lọ sí etí títì bí omi ìfọṣọ. Fún ìṣẹ́jú kan, ara rẹ̀ fúyẹ́. Lẹ́yìn náà, kò fúyẹ́ mọ́.

Adákẹ́ ni ó kọ́kọ́ padà. Ó dúró. Kò wo Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rárá. Ìpẹ̀kun títì ni ó wò, bí ẹni tí ó ń wò ó bóyá àlejò kan ti ń bọ̀. Nígbà tí ó wá lanu, ohùn rẹ̀ ga ju bí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ọ rí lọ.

"Ta ni?"

"Èmi ni," ni Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dáhùn. Ó ti pinnu pé òun kò ní fi bò. "O ba tèmi jẹ́, mo ba tìrẹ jẹ́. Ó parí."

"Mo ba tìẹ jẹ́?"

"Bàbá Aṣọ́nà rí ẹ! O ń nu ibi tí o wọ́ àpótí gbà."

Àwọn ènìyàn ti ń pé jọ. Olùkọ́ ìyàwòrán la àárín wọn kọjá, ó rí ilẹ̀ tí ó tutù, ojú rẹ̀ sì yí padà. Kí ó tó sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́ fèrè àfẹnufun láti ẹ̀bá ògiri.

"Píì-píì! Ẹ yà fún ọkọ̀ ńlá!" Àlàfo tín-ín-rín kan tí wọn kò yàwòrán sí wà láàárín ògiri àti àwọn àyè náà, ibẹ̀ ni Dírẹ́bà gbà dé. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló fọ ọwọ́ àwọn ọwọ́ yìí?"

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Rédíò, tí kò lè pa á mọ́ra, sọ fún un. Bí ó ti ń sọ ọ́ ni ẹ̀rín ń kúrò lójú Dírẹ́bà díẹ̀díẹ̀.

"Èmi ni," ni ó wí.

"Ẹ̀yin ni kí ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi ni mo gba orí ẹ̀ kọjá, lówùúrọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gun àtẹ̀gùn láìjẹ́ pé wọ́n gbé mi." Ó gbìyànjú láti fi ẹ̀rín tì í lẹ́yìn, kò ṣeé ṣe. "Ẹ wo títì yẹn. Etí ẹ̀ ga láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibì kan ṣoṣo ló ti rọra dàgẹ̀rẹ̀ tí táyà mi lè gbà gòkè, iwájú ṣọ́ọ̀bù aṣẹ̀dà-ìwé ni. Mo dé ibẹ̀, mo bá àtẹ̀gùn àti oòrùn. Mo dúró títí, kò sí ẹni tí mo lè bi. Ọkọ̀ ń sáré kọjá lẹ́yìn mi. Mo ní láti gòkè."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wo ilẹ̀, ó wo táyà méjì. Eruku wúrà ṣì wà láàárín wáyà rẹ̀. Ó wà ní gbangba tí gbogbo ènìyàn lè rí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo pè ọ́. O ní kí n jókòó jẹ́jẹ́."

"Mi ò mọ̀ pé ..."

"Jẹ́ kí n bi ọ́ ní tèmi, ìwọ tó máa ń bi gbogbo ayé." Kò sí àwàdà nínú ohùn Dírẹ́bà mọ́. "O bi aṣẹ̀dà-ìwé. O bi Bàbá Aṣọ́nà. Bí ajá bá kọjá, mo rò pé o máa bi í. Èmi nìkan lo ò fura sí. Kí ló dé?"

"Mo rò pé ẹ̀yin ... ẹ̀yin ò lè ..."

"Mi ò lè dé ibì kankan. Àbí? O kà mí mọ́ òdòdó tí wọ́n gbé síwájú ilé."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sún sẹ́yìn, ó yà fún àga onítáyà náà.

Olùkọ́ ìyàwòrán ti rìn lọ sí ibi tí ojú ọ̀nà ti dàgẹ̀rẹ̀. Ó fi bàtà rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí kò rí i rí. "Èmi ni mo pín àyè," ni ó wí. "Ibí ni mo rò pé ó dára jù, nítorí pé gbogbo ẹni tó bá ń sọdá ló máa rí i. À ń wá owó fún àwọn tó ń lo táyà, mo sì fi àwòrán dí ọ̀nà wọn. Èmi, odindi olùkọ́." Ó kọjú sí Dírẹ́bà. "Má bínú, ọmọ mi."

"Kò burú, mà. Ó ti mọ́ mi lára."

"Ìyẹn gan-an ló burú."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yíjú sí Adákẹ́. "Kí wá lo ń nu?"

"Etí oòrùn ẹ. Ẹrẹ̀ ń ràn lọ síbẹ̀. Mo fi aṣọ gbígbẹ dá a dúró."

"Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀?"

"O ò bi mí," ni Adákẹ́ wí. "Ṣe lo ń sọ fún mi."

Ní àkókò náà ni obìnrin kan sọdá títì. Aṣọ iṣẹ́ ilé ìfọṣọ ni ó wọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti hunjọ nítorí omi ọṣẹ. Ó ti ń rẹ́rìn-ín láti òdìkejì, ojú rẹ̀ ń wá nǹkan nílẹ̀. Adákẹ́ sáré pàdé rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ọwọ́ obìnrin náà fò padà. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Adákẹ́ ń rojọ́ wìtìwìtì láìlanu, gbogbo ìka rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, èjìká rẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

"Màámi nìyí," ni ó sọ fún olùkọ́. "Wọn kì í gbọ́rọ̀. Mo ní kí wọ́n gba àyè níbi iṣẹ́ kí wọ́n wá ka ohun tí mo kọ."

"Ka kí ni?" ni Rédíò bi í.

"Àwọn ọwọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n. *Ilé yìí á gbọ́ èdè yín.* Wọn ò tíì rí ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí ní èdè wọn rí."

Rédíò, tí ó ti pe ọ̀rọ̀ náà ní èébú, bojú wo ibòmíràn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wo ilẹ̀ tí ó tutù rinrin. Ó wù ú kí ó sá lọ sílé. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ń wò ó, tòun ti ìbéèrè lójú, òun sì mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn tí ó yẹ kí ó dáhùn rẹ̀.

"Bá mi sọ fún wọn," ni ó wí.

"Kí ni kí n sọ?"

"Pé èmi ni mo da omi sí i. Kò ṣèèṣì dà nù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dà á ni. Mo rò pé ìwọ lo ba tèmi jẹ́. Ẹ̀rí tí mo rí ò bára mu, mo sì fi ipá mú un bára mu. Mi ò bi ọ́."

Ọwọ́ Adákẹ́ rìn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó sì dúró.

Ìfura àtijọ́ ta Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú. "Ó kúrú."

"Kí ló kúrú?"

"Ohun tó o sọ. Tèmi gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé gbogbo ẹ̀ lo sọ?"

Adákẹ́ wò ó tààrà. "O tún ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹni tí Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ parọ́ mọ́ láàárọ̀ ni ó ń bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Kò sì sí bí òun ti lè yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí okùn tí ó lè fi wọ̀n ọ́n. Ó ní láti gbà á gbọ́, tàbí kí ó dúró síbẹ̀ bí òmùgọ̀.

Ìyá náà fèsì. Èsì rẹ̀ gùn. Ọwọ́ tí ó hunjọ náà lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó nà sí Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ó kan àyà ara rẹ̀, ó sì tọ́ka sí ilẹ̀ nígbẹ̀yìn.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kí ilẹ̀ tó gbẹ."

"Ìyẹn nìkan?"

"Wọ́n sọ nǹkan mìíràn. Ìyẹn wà láàárín èmi àti wọn."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò bi í mọ́. Ó lọ gba páálí kan lọ́wọ́ aṣẹ̀dà-ìwé, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá àyè Adákẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ilẹ̀ kí ó lè tètè gbẹ, nítorí pé ilẹ̀ tutù kì í gba ṣọ́ọ̀kì. Ó fẹ́ ẹ títí apá fi ń ro ó. Kò pẹ́, ìyá Adákẹ́ náà mú páálí, ó kúnlẹ̀ ní òdìkejì. Wọn kò wo ara wọn. Nígbà tí apá òkè gbẹ díẹ̀, Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ na ṣọ́ọ̀kì sí Adákẹ́.

"Má fọwọ́ kàn án," ni Adákẹ́ wí. "Èmi á mú un fúnra mi."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ọ̀nà ńkọ́? Ṣé ẹ̀gbọ́n ò ní í lọ sílé ni?"

Ó yé e. Ó mú ìgbálẹ̀ líle, ó lọ sí ibi tí ojú ọ̀nà ti dàgẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ń wò ó. Ó gbá oòrùn lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ojú ọ̀run, ó sì gbá àtẹ̀gùn náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, títí símẹ́ǹtì fi hàn ní gbígbòòrò tí táyà méjì lè gbà láìkan nǹkan kan.

Nígbà tí àwọn adájọ́ dé, ọwọ́ kan ṣoṣo ni Adákẹ́ ti rí yà. Ọwọ́ kan kì í ṣe odindi ọ̀rọ̀. Ẹja ràgàjì kan tí ọmọ kíláàsì kékeré yà ni ó gba ipò kìn-ín-ní. Ọmọ náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìjà ṣẹlẹ̀. Ìyá Adákẹ́ dúró síwájú ọwọ́ kan ṣoṣo náà fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí ó sì ń lọ, ó gbé ọwọ́ sókè sí Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìkíni. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò mọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń kó ṣọ́ọ̀kì sínú páálí, ó sún mọ́ Adákẹ́.

"Kọ́ mi ní ọ̀kan."

"Ọ̀kan kí ni?"

"Èdè yín. Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ má bínú."

Adákẹ́ rò ó. "Ìyẹn ò tíì kàn ọ́. Bí wọ́n ṣe ń bi ènìyàn léèrè ni kí o kọ́kọ́ kọ́." Ó gbé ọwọ́ sókè, ó la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè. "Mi ò tíì dárí jì ọ́ o."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀ kẹ̀? Ṣé o bi mí ni?"

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ó ti rí i. Kò gún. Adákẹ́ mú ìka rẹ̀, ó tún un tò, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹni tí ó bá ní ojú inú kò ṣẹ̀ nígbà tí ó bá fura. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rí ìlà náà kí ẹlòmíràn tó rí i, ìyẹn kò burú. Ó ṣìnà nígbà tí ó ti mọ ìdáhùn kí ó tó béèrè, tí ó sì ń wá ẹ̀rí tí yóò bá ìdáhùn náà mu. Ó pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà méjì: ẹni tí kò sọ̀rọ̀, ó kà á sí ọ̀daràn, ẹni tí kò rìn, kò kà á sí nǹkan kan. Kò bi èyíkéyìí nínú wọn. Bí ohun tí ẹ fẹ́ràn bá bàjẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀, ẹ sì dúró gbọ́ èsì tán, kí ẹ tó gbé garawa. Omi tí a bá dà sórí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn kò ṣeé kó padà.